Kásẹ́ẹ̀tì Ń Rántí, Síídì Ń Gbàgbé

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo sọ níbi ìpàdé ọdọọdún àwa tí a ń ya fọ́tò àti fídíò òde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi tí iná ti lọ tí a dúró de jẹnẹrétọ̀.

Alága, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ba ojú jẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn bí ẹni tó wá síbi ìgbéyàwó, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìkàlẹ̀. Àwọn tó ti Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ wá, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ará Àgọ́-Ìwòyè, ẹ kú ìrìn. Ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, ìpàdé wa kò ní jẹ́ ìpàdé àdánù o.

Akọ̀wé ló pè mí, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbàlódé nínú iṣẹ́ wa. Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé o mọ ọjọ́ orí mi ṣá?" Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. Ẹ̀rọ tuntun tí ẹ̀yin ọmọdé ń lò, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni mo kó wá lónìí. Ẹ̀rọ fídíò tí ẹ ń wò lórí tábìlì yìí, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. A máa dé ìdí rẹ̀ kí a tó túká.

Ìyá kan àti àpò ọ̀rá

Lẹ́yìn Iléyá èṣí, ìyá kan wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá Aláṣọ ni mo máa pè wọ́n. Ohun méjì ló wà nínú ọ̀rá tí wọ́n gbé wá: kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan, ìsìnkú ìyá ọkọ wọn ní 1995, àti síídì kan, ìsìnkú ọkọ wọn fúnra rẹ̀ ní 2006. Wọ́n ní àwọn ọmọ-ọmọ tó wà ní London fẹ́ wò ó lórí fóònù, pé kí n bá wọn gbé méjèèjì síbẹ̀. Wọ́n ní, "Kásẹ́ẹ̀tì yìí ló ń dẹ́rù bà mí o, ó ti pẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti síídì, kò séwu."

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo yí kásẹ́ẹ̀tì dojú bolẹ̀, mo tú ìdè márùn-ún tó wà nídìí rẹ̀, mo ṣí i. Tépù ti bu. Ebu funfun ti gun etí rẹ̀ yípo, bí búrẹ́dì tí wọ́n gbàgbé sínú ọ̀rá. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó tì í, tí mo rọra ń nu ún, tí mo ń ká a, tí mo tún ń nu ẹ̀rọ pẹ̀lú òwú àti sípíríìtì. Nígbà tí mo tì í bọnú ẹ̀rọ, àwòrán ń já díẹ̀díẹ̀, òjò funfun ń kọjá lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà wà níbẹ̀ nínú pósí, àwọn ìyàwó ilé ń jó, a sì gbọ́ ohùn olórin ketekete.

Ó wá kan síídì. Ẹ̀yin èèyàn mi, síídì yìí ń dán! Mo lè fi fárí níwájú rẹ̀. Mo fi sínú ẹ̀rọ, ó yí, ó yí, ó ń wá ọ̀nà, kò rí ọ̀nà. Mo yọ ọ́, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹnìkan ti fi báírò kọ ọ́ sí i lẹ́yìn, ó sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa: ÌSÌNKÚ BÀBÁ, PART 1.

Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú wa ló mọ ibi tí àwòrán wà nínú síídì? Ojú tó ń dán la máa ń tọ́jú, òun la máa ń fi etí aṣọ nù, òun la máa ń pariwo mọ́ ọmọdé lé lórí pé kó má fọwọ́ kàn. Ṣùgbọ́n síídì nípọn tó mìlímítà 1.2, iná léésà á la gbogbo ike yẹn kọjá kó tó kan ohun tó fẹ́ kà. Ohun tó fẹ́ kà yẹn, ẹ̀yìn ló wà, lábẹ́ ibi tí a ń kọ orúkọ sí, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀ ju ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Bí iwájú bá ha, a lè fi nǹkan dán an, kó tún ka. Bí báírò bá dá ẹ̀yìn lu, ó parí nìyẹn. DVD sàn díẹ̀ ní ti èyí, torí ike méjì tó nípọn tó 0.6 ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, àárín wọn ni iṣẹ́ wà. VCD, ìyẹn síídì tí a ń gbé fíìmù sí bíi ti Ìyá Aláṣọ yìí, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tún wá rántí pé èyí tí a ń fi kọ̀ǹpútà sun fún oníbàárà, aró ló wà nínú rẹ̀, oòrùn àti ooru a máa pa aró dà. Àwa náà la ń gbé e kọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pé ó dára lójú.

Ìyá Aláṣọ wò mí títí. Wọ́n ní, "Ṣé èyí tó bu ló wá yè?"

Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Àmọ́ ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síbí. Àwọn baba wa ní ẹni tó lórí kò ní fìlà, ẹni tó ní fìlà kò lórí. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ohun tí a fi ń wo fíìmù nílé, wọ́n á fún wa ní fìlà tó dára gan-an, wọ́n á sì rọra gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Fìlà la máa ń rí. Ohun tí wọ́n gbà, ó di ọjọ́ tí a bá wá a.

Ọ̀rọ̀ iná

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, torí ìlú wa nìyí.

Ẹ̀yin àgbà rántí pé kí fídíò tó wọlé, ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ Olóyè Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọsà tó wà lẹ́bàá wa níbí, òun ló máa wẹ̀, òun ló máa wọṣọ, òun ló máa lọ bá wọn ní gbọ̀ngàn, ní aago tí wọ́n bá dá. Fídíò ló gbé eré wọ pálọ̀. Iléeṣẹ́ Sony ní ilẹ̀ Japan ló kọ́kọ́ gbé Betamax jáde ní 1975. JVC gbé VHS tiwọn jáde ní 1976. Wọ́n ní àwòrán Betamax mọ́ ju ti èkejì lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n wákàtí kan ni kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kọ́kọ́ gbà, VHS gba méjì. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, èwo lẹ máa rà? Èyí tó gùn ló borí. Ẹ má gbàgbé ìyẹn, ó ń bọ̀ níwájú.

Ní 1991 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù fídíò sí Fọlágbádé, tí mo ń yá kásẹ́ẹ̀tì fáwọn èèyàn. Bàbá mi ló jẹ oníbàárà tí kò sanwó rí. Bàbá kò wo fíìmù kan tán lọ́jọ́ kan rí, torí NEPA kò gbà fún wọn. Ìdajì wákàtí lónìí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́la. Síbẹ̀ fíìmù wọn kì í dàrú. Bí iná bá lọ, tépù á dúró síbi tó wà. Bí iná bá dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ọkùnrin tó ń gbé ẹsẹ̀ wọlé lọ́jọ́ Ajé á sọ ẹsẹ̀ yẹn kalẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Nígbà mìíràn Bàbá á fi kásẹ́ẹ̀tì sábẹ́ agbádá, ó di ilé ọ̀rẹ́ wọn tó ní jẹnẹrétọ̀ ní òdìkejì ìlú. Ẹ̀rọ mìíràn, ilé mìíràn, síbẹ̀ ibi tí wọ́n bá a dé nílé ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Níbo ni ìrántí yẹn wà? Kò sí nínú ẹ̀rọ o. Inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà. Bí tépù bá ti ká sí ọ̀tún tó, bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù ti lọ tó. Bàbá á gbé e sókè, wọ́n á fi ojú wò ó láti ojú gíláàsì rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó kù bí ìlàjì." Wọn kì í sì í ṣàṣìṣe.

VCD dé. Philips, Sony, Matsushita àti JVC ló jọ fẹnu kò lé e lórí ní 1993, ṣùgbọ́n ó tó bí ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn kó tó kún ojú pópó wa níbí. Pẹlẹbẹ, ó fúyẹ́, kò sí pé à ń dá nǹkan padà sẹ́yìn. Èmi gan-an jó! Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù nígbà yẹn mọ ìyà tí oníbàárà fi jẹ wá pẹ̀lú ríwáìn: wọ́n á wo kásẹ́ẹ̀tì dé òpin, wọ́n á jù ú sórí káńtà, ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti ẹ̀rọ láti dá a padà. Mo ti ń fi owó ìtanràn lé wọn lórí kó tó di pé síídì gbà mí.

Ọjọ́ tí síídì wọ ilé wa, NEPA mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, Bàbá tẹ ẹ̀rọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìpolówó àkọ́kọ́, ìpolówó kejì, ìkìlọ̀ fáwọn olè, fíìmù mẹ́rin tó ń bọ̀ lọ́nà. Kí a tó padà dé ibi tí a dé, NEPA ti tún ṣe tiwọn. Bàbá ní, "Ṣé ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ pé mo ti wò ó ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, kò mọ̀."

Ọmọbìnrin kan ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nígbà yẹn. Òun ló rí ọ̀nà sí i. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń kọ ìṣẹ́jú sẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀ Bàbá. Ó kọ 38, ó pa á rẹ́, ó kọ 51. Bí iná bá dé, á mú rimóòtù, á tẹ GOTO, á tẹ nọ́ńbà, Bàbá á sì máa bá eré wọn lọ. Ilẹ̀kùn wa di kásẹ́ẹ̀tì! Ó ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí rimóòtù bàjẹ́. Ẹ̀yin náà mọ rimóòtù ọjọ́ wọ̀nyẹn: rọ́bà ni wọ́n fi dì í, bátìrì rẹ̀, wọ́n ti sá a sóòrùn, wọ́n ti fi eyín gé e. Lára ẹ̀rọ fídíò àtijọ́, gbogbo bọ́tìnnì ló wà níwájú rẹ̀. Lára ẹ̀rọ VCD àti DVD olówó pọ́ọ́kú, ẹ máa rí bọ́tìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Rimóòtù sọnù, ẹ̀rọ di àwo ìgbéjẹ. DVD mìíràn á gbé àkójọ kan sójú tẹlifíṣọ̀n, á ní kí o yàn. Kí ni o fẹ́ fi yàn?

Àwọn DVD kan tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. O fẹ́ fo ìkìlọ̀, o tẹ̀ ẹ́, àmì ọwọ́ kan á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n pé rárá, kò sí àyè. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú díìsìkì pé o kò gbọ́dọ̀ fò ó. Ẹ̀rọ tí mo fi owó mi rà! Kásẹ́ẹ̀tì kò rí mi fín bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀rọ̀ gbígbà sílẹ̀

Ẹ̀ẹ̀kejì: ẹ̀rọ fídíò ń gbọ́, ó tún ń kọ ọ́ sílẹ̀. VCD ń wò nìkan.

Ní 1996, nígbà tí àwọn ọmọ wa na Argentina 3–2 ní Òlíńpíìkì Atlanta tí wọ́n gba góòlù, ó lé ní ilé mẹ́wàá ní àdúgbò wa tó gbà á sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n. O fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, o tẹ bọ́tìnnì pupa, ó di tìẹ. Aládùúgbò mi kan náà gbà á. Inú ìdùnnú ló wà, kò wo kásẹ́ẹ̀tì tó mú. Ìkómọ àkọ́bí rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ fi ìkómọ han àlejò, bàbá àgbà gbé ọmọ sókè, wọ́n ń ṣàdúrà, wọ́n ní "orúkọ rẹ̀ á máa jẹ́...", gbọ̀ọ̀, bọ́ọ̀lù! Ìyá ọmọ kò bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ náà ti dàgbà báyìí, ó sì ń sọ fáwọn èèyàn pé Argentina ni wọ́n fi sọ òun lórúkọ.

Nítorí náà, n kò sọ pé kásẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé. Ó máa ń gbàgbé nígbà tí àwa bá ní kó gbàgbé. Èyí tí a sun sórí síídì, ẹnikẹ́ni kò lè fi bọ́ọ̀lù bò ó mọ́lẹ̀. Fìlà nìyẹn náà, mo jẹ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì ní ọgbọ́n tiẹ̀. Ẹ súnmọ́ bí ẹ kò bá rí i dáadáa. Ẹ̀yìn ibí yìí, ike pẹlẹbẹ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ. Bí o bá fi ọ̀bẹ dá a sọ nù, ẹ̀rọ kankan kò ní gbà láti kọ nǹkan lé e mọ́. Bí o bá wá yí ọkàn padà, wàá fi sẹ́lótéèpù bo ihò náà. Lẹ́yìn ọ̀ràn ìkómọ yẹn, Bàbá mi mú ọ̀bẹ ìdáná, wọ́n yí ká gbogbo kásẹ́ẹ̀tì ilé wa, pá, pá, pá, bí ẹni ń ṣẹ́ etí ìgbín. Ohun kan wà tó tún ń tẹ̀lé e: kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n bá ti dá ike rẹ̀, bí o bá ti tì í wọnú ẹ̀rọ báyìí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé o tẹ nǹkan kan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Láti ìgbà tí síídì ti gba ipò, ohun tí wọ́n bá tà fún wa la ń wò. Agbára àtigba nǹkan sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n kúrò nílé, kò sì sẹ́ni tó sunkún rẹ̀.

Kí á má ṣe abẹ́bẹ̀ ojú kan

Ẹnìkan á ní bàbá yìí kórìíra ìlọsíwájú. Irọ́ ni. Èmi tí mo fi síídì kọ́ ilé!

Ẹ̀yin tí ẹ ya fídíò òde láyé VHS, ẹ rántí ẹ̀dà ṣíṣe. Kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí mẹ́ta, wákàtí mẹ́ta lo máa fi dà á kọ, kò sí ọ̀nà àbùjá. Ẹ̀dà kì í sì í rí bí ìyá rẹ̀. Ẹ bá mi ka ẹ̀dà: àkọ́kọ́ dára, èkejì ṣú, ní ẹ̀kẹta, ojú ìyàwó ti di ojú ìyá ìyàwó. Síídì dé, ẹ̀dà àti ìyá di ìbejì, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni. Rẹgbẹ́rẹgbẹ́ kan ti gba ẹ̀dà ọgọ́ta lọ́wọ́ mi lẹ́yìn Ojúde-Ọba, mo sì kó o fún wọn kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ì bá gbà mí lóṣù kan.

Àwọn ará wa tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ náà rí ìtura. Ọ̀nà tí tẹlifíṣọ̀n fi ń gbé àwòrán jáde kò dọ́gba: tiwọn ni NTSC, tiwa ni PAL. Wọ́n á gbé kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó wálé tayọ̀tayọ̀, gbogbo ẹbí á pé jọ, àwòrán á máa yí gbirigbiri láìní àwọ̀. Ẹ̀rọ VCD tó ti China wá kò bèèrè ibi tí o ti wá. Àfi ìgbà tí DVD dé tí wọ́n tún kọ́ odi mìíràn: wọ́n pín ayé sí ẹkùn, Amẹ́ríkà ni ẹkùn 1, àwa ní ẹkùn 5, díìsìkì ẹkùn kan kò gbọdọ̀ ṣí lẹ́nu ẹ̀rọ ẹkùn mìíràn. Àwọn ọmọ wa tó ń tún ẹ̀rọ ṣe rí kọ́kọ́rọ́ odi yẹn lórí rimóòtù. Ẹ jẹ́ kí n má sọ bí wọ́n ṣe ṣe é, wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ibi tí VCD ti dá mi lóró ni gígùn. Kásẹ́ẹ̀tì E-180 gba wákàtí mẹ́ta gbáko. O lè gbé Ojúde-Ọba sí i láti orí ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé títí dé orí ẹṣin àwọn ọmọ Balógun. Síídì kan kò gbà ju ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Ó di pé à ń gé ọjọ́ kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Fíìmù pàápàá di apá kìíní àti apá kejì nínú páálí kan. Oníbàárà á yá méjì, á dá ọ̀kan padà, a kò ní mọ̀ títí ẹlòmíràn á fi yá a, tí á padà wá bá wa tìbínú-tìbínú pé òun kò mọ ẹni tó pa ọkùnrin yẹn.

DVD ló yẹ kó tán ìṣòro náà. Japan ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní 1996. Ó gba gígábáìtì 4.7 lójú kan ní ìpele kan, ẹyọ àmì tó para pọ̀ di àwòrán rẹ̀ sì jẹ́ 720 ní 576 nígbà tí ti VCD jẹ́ 352 ní 288. Ìlọ́po mẹ́rin! Fíìmù kan pérépéré, kó mọ́ rekete. Kí la fi ṣe? A fi kó fíìmù ogún sínú díìsìkì kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà rà á. Wọ́n á bu àwòrán kù gan-an kí gbogbo rẹ̀ lè gba inú díìsìkì kan. Ẹ rántí Betamax tí mo ní kí ẹ má gbàgbé: èyí tó gùn náà ló tún borí. Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tó ní owó fíìmù kan ṣoṣo lápò, tó ní ọmọ márùn-ún nílé lásìkò ọlidé, ogún ló máa rà.

Èyí tó dùn mí jù ni ti èdè. DVD kan lè gbé ohùn mẹ́jọ àti àkọlé ìsàlẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n, kí oníkálùkù yan èyí tó bá fẹ́. Méjìlélọ́gbọ̀n! A lè fi Ìjẹ̀bú pọ́nńbélé sí i. Kí ni àwọn tó ń ṣe fíìmù wa ṣe? Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì jó ojú àwòrán gan-an, lẹ́tà funfun ràgàjì, o fẹ́, o kọ̀.

Blu-ray

Èyí kò ní pẹ́, torí òun náà kò pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní 2006, Sony àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé Blu-ray jáde, Toshiba gbé HD DVD. Wọ́n tún ja ìjà Betamax ọjọ́sí. Toshiba ju àsíá sílẹ̀ ní oṣù kejì 2008, gbogbo ẹni tó ra ẹ̀rọ wọn ra òkúta. Blu-ray gba gígábáìtì 25 ní ìpele kan, àwòrán 1920 ní 1080. Mo rí i nílé ọmọ mi nílẹ̀ òkèèrè. Àwòrán náà, ẹ̀yin èèyàn mi, mo rí ihò ara ènìyàn. Ṣùgbọ́n mo fi díìsìkì sí i, mo dìde lọ bu omi, mo mu ún, mo padà, ẹ̀rọ ṣì ń "múra". Lọ́jọ́ mìíràn ó ní òun kò ní ṣí díìsìkì tuntun kan àfi bí a bá fi íntánẹ́ẹ̀tì tún òun ṣe. Mo tẹ ìdádúró láti lọ kírun, mo padà dé, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ díìsìkì Blu-ray tó ní àkójọ oníṣẹ́-ọnà lójú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo jókòó, mo rántí ṣọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá. Ẹ wo gbogbo owó yẹn.

Ẹni tó ta ará ilé rẹ̀

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí síídì dé, mo ní ẹ̀rọ fídíò mẹ́sàn-án ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ta mẹ́jọ fáwọn onírin àlòkù. Iye tí mo gbà lórí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kò tó owó ẹran ọ̀bẹ̀ ọjọ́ Àìkú. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀ kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ní 2016, Funai ní Japan, tó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò láyé, dáwọ́ dúró. Ní 2025, nígbà tí Kábíyèsí Ọba Síkírù Adétọ̀nà wàjà lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́rin lórí ìtẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kásẹ́ẹ̀tì Ojúde-Ọba àtijọ́ wá bá mi. Kásẹ́ẹ̀tì wà, ẹnu tó máa kà á ni kò sí. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, òun ló wà lórí tábìlì yìí. Orí tó fi ń ka tépù ti ń jẹ, mi ò sì mọ ibi tí mo ti máa rí òmíràn rà.

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ ń fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, mo ń bèèrè ni: ọmọ tí wọ́n bá bí nínú ìgbéyàwó yẹn, ibo ló máa ti wò ó nígbà tó bá pé ogún ọdún? Fóònù ti yípo ìgbà mélòó? Ẹni tó ń san owó ibi tí ẹ kó o pamọ́ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí kò bá san án mọ́ ńkọ́? Akọ̀wé, má wojú mi, ìwọ náà wà nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ bá mi tan tẹlifíṣọ̀n yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì yìí, Ojúde-Ọba ni, Bàbá mi fọwọ́ ara wọn kọ ọdún sí i: 1997. Alẹ́ tí wọ́n wò ó kẹ́yìn, NEPA mú iná lọ, wọ́n ní kí n fi í pamọ́, àwọn máa parí rẹ̀ lọ́la. Wọn kò rí ọ̀la náà. Mi ò tì í bọnú ẹ̀rọ láti ọjọ́ yẹn. Mo ti ṣí i, mo ti wo tépù rẹ̀, kò bu, ẹ má fòyà. Ike ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí, wọ́n ti fi ọ̀bẹ dá a.

Mo ti tì í wọlé. Ẹ wò ó, mi ò tẹ nǹkan kan o.

Ìlù ni mo ń gbọ́ yẹn... Ẹ fi ohùn sókè díẹ̀. Ẹṣin nìyẹn. Ẹlẹ́ṣin ti na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fẹ́ kí Kábíyèsí...

Rárá, àbúrò, má fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ rí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Má dá a padà. Jẹ́ kó máa lọ.